Garchomp olójú púpọ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa mú un kó tó mú yín

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, torí òun ló mú mi jókòó kọ eléyìí. Eré Pokémon ni ọ̀rọ̀ wa, níbi tí ẹni méjì ti ń fi ẹ̀dá inú eré bá ara wọn jà; Garchomp àti Skarmory wà lára àwọn ẹ̀dá náà. Mo ní Skarmory nínú tíìmù mi, mo dẹ̀ ti fọkàn balẹ̀ pátápátá pé kò sí Garchomp tó lè dà mí láàmú, ṣebí Skarmory ń fò, Earthquake, ìkọlù ilẹ̀ tí Garchomp máa ń lò, ò lè kàn án, irin ni ara ẹ̀, ìkọlù Dragon kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ lára, Defense ẹ̀ dẹ̀ tó 140. Garchomp ẹni tá a jọ ń jà wọlé, mo ní ẹ̀hẹ́n, ìwọ gan-an ni mo ń retí, mo pààrọ̀ sí Skarmory láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fire Blast, ìkọlù iná tó ń dun irin, ló jáde lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ̀jẹ̀ Skarmory (ìyẹn HP ẹ̀) ti lọ ju ìdajì, Stealth Rock, òkúta tó ń gún ẹni tó bá wọlé, ti wà nílẹ̀, ó ti bù díẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí mo ṣe ń gbìyànjú àtifi Roost wo ara ẹ̀ sàn ni Fire Blast ẹ̀ẹ̀kejì dé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó lè dúró de Garchomp yẹn mọ́ nínú tíìmù mi, torí gbogbo ètò tí mo ṣe, orí Skarmory nìkan ni mo gbé e kà.

Skarmory ò ṣẹ̀ mí o. Ohun tó ṣe mí ni pé mo rò pé Garchomp kan ṣoṣo ló wà. Ó tó márùn-ún sí mẹ́fà tẹ́ ẹ lè bá pàdé, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, àwòrán kan náà lẹ máa rí, bí alágẹmọ gẹ́lẹ́, ibi tó bá bà lé ló ń mú àwọ̀ ibẹ̀. Nítorí náà ẹ má wá Pokémon kan tó máa borí Garchomp, ẹ ò ní rí i. Ẹ wá bẹ́ ẹ ṣe máa tètè mọ èyí tó dúró níwájú yín, kẹ́ ẹ dẹ̀ rí i pé ẹ ò tíì pàdánù ohun pàtàkì kankan kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n. Ìjà ẹni mẹ́fà sí mẹ́fà, ọ̀kan sí ọ̀kan, ti Generation 9 (ìran kẹsàn-án eré náà, Scarlet àti Violet) ni mo fi ń ṣàlàyé, màá fẹnu kan ti oníméjì-méjì níwájú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ ìwà ẹ̀

Láti ìgbà Diamond àti Pearl lọ́dún 2006 ni Garchomp ti wà, Dragon àti Ground ni ẹ̀yà ẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀: HP 108, Attack 130, Defense 95, Special Attack (ìkọlù tí kì í ṣe tọwọ́, bíi Fire Blast) 80, Special Defense 85, Speed (eré) 102, àpapọ̀ 600. Ẹ wá ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ó lágbára, ó yára, awọ ẹ̀ nípọn, Special Attack tó dà bíi pé kò tó nǹkan yẹn gan-an ló jó Skarmory mi. Ohun tó jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ oríṣiríṣi nìyẹn.

Ice ló ń pa á jù, ìlọ́po mẹ́rin, torí Dragon kórìíra Ice, Ground náà kórìíra ẹ̀. Dragon àti Fairy, ìlọ́po méjì. Electric ò kàn án rárá. Fire, Poison àti Rock, ìdajì ló ń wọlé sí i lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi Water tàbí Grass lé e torí pé ẹ rí Ground lára ẹ̀, ẹ dákun ẹ yé ṣe bẹ́ẹ̀, Dragon ara ẹ̀ ti pa àǹfààní yẹn rẹ́, bí ìkọlù lásán ni méjèèjì ṣe máa bà á.

Àwọn ojú tó máa ń mú wá ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ kà wọ́n. Èyí tó máa ń ṣáájú wà, tó kàn fẹ́ da Stealth Rock sílẹ̀, ó lè gbé Focus Sash dání kẹ́ ẹ má bàa pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alágídí wà, tó gbé Rocky Helmet tí ability ẹ̀ (ẹ̀bùn àbímọ́ ẹ̀) dẹ̀ jẹ́ Rough Skin: tẹ́ ẹ bá fara kàn án, Rough Skin á gba ìdá kan nínú mẹ́jọ ẹ̀jẹ̀ yín, Helmet á gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ẹ ṣírò ẹ̀, ó ń lọ sí 29%, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ lu èèyàn lẹ wá gbé ọgbẹ́ bọ̀ wálé. Oníjó wà, tó ń lo Swords Dance láti sọ Attack di ìlọ́po méjì, ó sábà máa ń fi Scale Shot àti Loaded Dice kún un kí eré ẹ̀ náà lè pọ̀ sí i. Oní-Choice Scarf wà, ohun tó ń fi kún Speed ẹ̀ àmọ́ tó ń tì í mọ́ move (ìkọlù tàbí ọgbọ́n ìjà) kan. Oní-Choice Band tàbí Life Orb wà, àwọn ohun tó ń fi kún agbára ìkọlù, iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó lù kó wó lọ. Oníkọ̀kọ̀ náà wá ń bẹ, tó fi Fire Blast tàbí Draco Meteor, àwọn ìkọlù special, pamọ́ sínú. Smogon, ìkànnì àwọn tó ń ja Pokémon, máa ń gbé ìṣirò jáde lóṣooṣù tó ń sọ move àti item (ohun tí wọ́n gbé dání) táwọn èèyàn ń fún Pokémon kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ ka ti ìsọ̀rí tẹ́ ẹ ń jà, torí ojú tó wọ́pọ̀ lóṣù yìí lè má wọ́pọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka tíìmù ẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀

Wọ́n máa fi àwọn mẹ́fà tí ẹnì kejì kó wá hàn yín, ọ̀pọ̀ nínú wa dẹ̀ máa ń sáré tẹ̀ ẹ́ kọjá bíi pé ìpolówó ọjà ni. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ bi ara yín pé nínú àwọn mẹ́fà yìí, ta ló máa da Stealth Rock sílẹ̀? Tẹ́ ẹ bá wò ó tẹ́ ẹ rí i pé Garchomp nìkan ló lè ṣe é, ó ṣeé ṣe gan-an pé òun ló wà lára ẹ̀, ìyẹn nìkan ti fẹ́ lé Scarf àti Band kúrò, torí Choice máa tì yín mọ́ move kan ni, ta ló fẹ́ kí wọ́n tì í mọ́ Stealth Rock? Tí àwọn tó kù bá ń rìn bí ìgbín, tí kò sẹ́ni tó yára nínú wọn, ẹ fura sí Scarf, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa sáré nínú ilé yẹn. Tí gbogbo wọn bá jẹ́ jagunjagun tí kò sẹ́ni tó lè gba ẹgba, ẹ retí Focus Sash níwájú tàbí oníjó lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ tíìmù àwọn aláwọ-nínípọn tó ń jókòó pẹ́, Rocky Helmet ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní lọ́kàn.

Àbá lásán ni gbogbo èyí o, ẹ má fi ẹ̀mí yín lé e lórí. Ohun tó wúlò fún ni pé kẹ́ ẹ wọlé pẹ̀lú ojú méjì tàbí mẹ́ta lọ́kàn dípò mẹ́fà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ ṣe

Ìgbésẹ̀ yìí ò gba ọgbọ́n kankan, nọ́ńbà ni. Ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 100, Garchomp tó kó 252 EV (àmì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ ń pín) sí Speed tí nature ẹ̀ (ìwà ẹ̀) jẹ́ Jolly, tó ń fi kún Speed, máa ní 333. Tí nature ò bá ran Speed lọ́wọ́, 303. Tó bá gbé Scarf, 333 yẹn di 499. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbì kan. Latios tó bá fi gbogbo agbára sáré jẹ́ 350, Weavile 383, Dragapult 421. Tí Garchomp bá ṣe tiẹ̀ ṣáájú ọ̀kan nínú àwọn yìí, tí kò dẹ̀ tíì lo Scale Shot, tí kò sí Tailwind (atẹ́gùn tó ń fi kún eré), tí Sticky Web (okùn tó ń dín eré kù) ò mú yín wọlé, tára yín ò rọ nípa paralysis, Scarf ló gbé, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Lójú òdìkejì, tí Latios yín bá ṣáájú ẹ̀, Scarf ti jáde nínú ìwé. Fún àwọn tó ń jà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 50, 169 ni 333 yẹn níbẹ̀, 253 dẹ̀ ni ti oní-Scarf.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka iye ẹ̀jẹ̀ tó lọ

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Gbogbo ẹgba tí Garchomp bá nà yín ló ń sọ ohun tó wà lára ẹ̀ fún yín, kò lè pa á mọ́ bó ti wù kó gbọ́n tó.

Ẹ jẹ́ ká fi Clefable, Pokémon ẹ̀yà Fairy, ṣe é. Clefable tèmi kó 252 EV sí HP, 252 sí Defense, nature ẹ̀ jẹ́ Bold, tó ń fi kún Defense, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 394. Ká ní Garchomp lo Earthquake lù ú. Tó bá jẹ́ alágídí tí kò fi EV kankan sí Attack, nǹkan bíi 30% sí 36% ló máa lọ. Tó bá jẹ́ Jolly tó kó 252 sí Attack, tí ohun tó gbé dání ò fi kún agbára ẹ̀, bíi ti Scarf tàbí Focus Sash, 36.5% sí 43%. Adamant ẹ̀, nature tó ń fi kún Attack, máa gbà láti 40% sí 47%. Tó bá jẹ́ Jolly tó gbé Life Orb, 47% sí 56%, ẹ dẹ̀ máa rí i tí òun náà pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá. Jolly oní-Choice Band, 55% sí 65%. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn? Wọ́n máa ń wọnú ara wọn díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí 33%, kò lè jẹ́ Band láéláé. Tẹ́ ẹ bá rí 61%, tí òun náà ò dẹ̀ pàdánù ẹ̀jẹ̀ kankan, ẹ ti mọ̀ pé kò lè yí move padà àfi tó bá kúrò lójú ìjà.

Ẹ ò ní láti há gbogbo ìyẹn sórí. Ẹ̀rọ ìṣirò damage wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjà yín, ẹ kọ Pokémon tiyín síbẹ̀ pẹ̀lú EV ẹ̀ gan-an, ẹ wá máa pààrọ̀ ohun tí Garchomp gbé dání títí iye tẹ́ ẹ rí á fi bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Kí ìjà tó dé ni mo máa ń ṣe tèmi, mo ní ìwé kékeré kan tí mo kọ ọ́ sí fún àwọn mẹ́ta tí mo máa ń kó dúró dè é.

Àwọn àmì míì tí kò gba ìṣirò: Leftovers, tó ń dá ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ padà, máa ń sọ̀rọ̀ ní ìparí turn (ìgbà tí ẹni méjèèjì bá ti ṣe tiwọn lẹ́ẹ̀kan). Rocky Helmet ń sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá fara kàn án. Scale Shot tó ń lù yín lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún ní gbogbo ìgbà, Loaded Dice ni, torí láìsí i ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré. Tó bá wọlé sórí Stealth Rock tí kò sọ ẹ̀jẹ̀ kankan nù, Heavy-Duty Boots ló wọ̀. Tó bá dẹ̀ lo move méjì tó yàtọ̀ síra láì kúrò lójú ìjà, kò gbé Choice kankan, ẹ lè mí kanlẹ̀ díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka move ẹ̀, mẹ́rin péré ló ní

Garchomp lè kọ́ move tó pọ̀ gan-an ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ló lè gbé wá sójú ìjà, ibẹ̀ lọwọ́ yín ti máa tẹ̀ ẹ́. Ká ní ẹ ti rí Earthquake, ẹ ti rí Scale Shot, ẹ ti rí Swords Dance. Ọ̀kan ló kù. Tí ọ̀kan yẹn bá jẹ́ Fire Fang, ó lè jó Skarmory àti Corviknight, àmọ́ agbára káká ló máa fi kọjá lára Clefable, torí Dragon ò ran Fairy rárá. Tó bá jẹ́ Poison Jab tàbí Iron Head, Clefable wà nínú wàhálà, Skarmory ń sinmi. Tó bá jẹ́ Stone Edge, àwọn tó ń fò bíi Zapdos ni kó ṣọ́ra. Kò lè pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹ̀yin náà kò gbọ́dọ̀ kó ìdáhùn kan ṣoṣo wá. Ẹ kó méjì tí ohun kan náà ò lè pa, Skarmory pẹ̀lú Clefable ni àpẹẹrẹ tó rọrùn jù, ẹ dẹ̀ pa méjèèjì mọ́ láàyè títí move kẹrin yẹn á fi jáde.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń kọ move rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde, torí tí ìjà bá ti gbóná, èèyàn máa ń gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó dáhùn

Ọ̀rọ̀ méjì wà táwọn tó ń jà máa ń lò, counter àti check. Counter ni èyí tó lè wọlé sórí ẹgba tó ń bọ̀, tó máa gbà á, tó dẹ̀ máa lé ẹni náà kúrò, lónìí lọ́la. Check ni èyí tó lè pa á tó bá rí àyè wọlé láì jẹ ẹgba, àmọ́ tí kò lè gba ẹgba yẹn fúnra ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Pokémon olójú púpọ̀, counter tòótọ́ ṣọ̀wọ́n, check lẹ máa ń rí. Torí náà iṣẹ́ yín ni pé kẹ́ ẹ wá àyè fún check yín láti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Protect, tó ń dí ẹgba turn kan, dáa púpọ̀ níbí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí Garchomp bá kọ́kọ́ dojú kọ yín, ẹ máa rí move tó fẹ́ lò láì san owó kankan. Tó bá jẹ́ Earthquake tẹ́ ẹ dẹ̀ ti ń fura sí Choice, ẹ kàn mú ẹni tó ń fò wọlé ní turn tó tẹ̀ lé e, inú á bí i. Ẹ má tẹ Protect lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn o, ṣáńsì pé ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta péré. U-turn, ìkọlù tó ń lu èèyàn tó tún ń fa ẹni tó lò ó padà, náà dáa, lọ́wọ́ ẹni tó yára kẹ́ ẹ lè bọ́ kúrò kó tó lù, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó lọ́ra tó lè gba ẹgba náà, tẹ́ ẹ máa fi mú ẹlòmíì wọlé láìfarapa. Ẹ rántí pé U-turn ń fara kàn án, Rough Skin ń dúró.

Ìgbà míì dẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹ máa jẹ́ kí ẹnì kan dákú. Pokémon yín kan ti ku 9%, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri láti gbà á là kẹ́ ẹ wá fi ẹni tó lera jẹ ẹgba dípò ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ, check yín á wọlé lẹ́yìn ẹ̀ láì fi ẹ̀jẹ̀ kankan sílẹ̀. Ó máa ń dun èèyàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú ìjà tí mo borí tó jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni mo ti borí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ìjà kan hàn yín. Garchomp wọlé, mo pààrọ̀ sí Clefable, Earthquake dé, mo wo ẹ̀jẹ̀: 33% lọ. Ẹ ti mọ ìyẹn, alágídí tí kò kó nǹkan sí Attack. Leftovers mi dá bíi 6% padà. Ní kété tí mo rí iye yẹn ni ọkàn mi balẹ̀, Scarf ti lọ, Band ti lọ, oníjó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Turn tó tẹ̀ lé e, ó tún lo Earthquake, èmi náà fi Moonblast, ìkọlù Fairy, dá a lóhùn, Garchomp pàdánù ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Mo mọ̀ pé Moonblast kan sí i ló kù, òun náà mọ̀, ó fà á sẹ́yìn. Látìgbà yẹn lọ mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń fara kan nǹkan lù ú, torí mo ti ń fura sí Helmet, ó dẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ká ní 41% ló lọ ní turn àkọ́kọ́ yẹn ni, ohun míì ni mi ò bá ṣe, mi ò bá tẹ Encore, torí Clefable ń kọ́ ọ, pẹ̀lú ìrètí pé ó máa jó Swords Dance ní turn yẹn kí n tì í mọ́ ijó títí yóò fi sú u.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ lù ú bí ojú tó mú wá ṣe rí

Oníjó ni kẹ́ ẹ tètè dá dúró ju gbogbo wọn lọ. Clefable tàbí Dondozo tí ability wọn jẹ́ Unaware ò ka ijó tó jó sí, bíi pé kò jó rárá ló máa lù wọ́n. Whirlwind Skarmory máa gbá a jáde pẹ̀lú gbogbo agbára tó ti kó jọ, àmọ́ ẹ rántí pé Whirlwind ló máa ń kẹ́yìn nínú turn, ẹ gbọ́dọ̀ lè gba ẹgba kan kó tó ṣiṣẹ́. Ice Shard, ìkọlù Ice tó máa ń ṣáájú láìka Speed sí, wà fún ìgbà tó bá ti sáré kọjá gbogbo yín. Àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e ju bó ṣe yẹ lọ: Weavile Jolly tí kò gbé ohun tó ń fi kún agbára, Ice Shard ẹ̀ máa gba láti 74% sí 87% lára Garchomp tí kò kó EV sí HP tàbí Defense. Kò pa á. Mamoswine Adamant gan-an, 85% sí 100%, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má pa á tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá pé. Kẹ́ ẹ tó gbára lé Ice Shard, ẹ rí i pé ẹnì kan ti bù ú jẹ tẹ́lẹ̀. Stealth Rock nìkan ò tó fún Weavile, bíi 6% péré ló ń gbà lára Garchomp torí Ground kì í bẹ̀rù òkúta. Tó bá ti lo Scale Shot, Defense ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nìyẹn, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fún un ní Ice Shard.

Oní-Scarf kì í dẹ́rù bà mí mọ́. Ẹ jẹ́ kó ti ara ẹ̀ mọ́ move kan, ẹ mú ẹni tí move yẹn ò ràn wọlé, ẹ fi turn tó fẹ́ fi sá ṣe nǹkan gidi, ẹ da Stealth Rock sílẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ jó ijó tiyín. Tó bá fi Outrage jáde, ẹ fún un ní Fairy kan, ó parí síbẹ̀. Oní-Band náà, ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ ẹgba tiẹ̀ wúwo, ẹ má fi ẹni tí move yẹn ràn dán an wò.

Alágídí, ẹ yọ ọwọ́ lára ẹ̀. Special ni kẹ́ ẹ fi lù ú, tàbí kẹ́ ẹ gba Helmet ẹ̀ pẹ̀lú Knock Off tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ tó tó láti san. Èyí tó ń ṣáájú pẹ̀lú Focus Sash, ẹ lo Taunt kó má lè da òkúta sílẹ̀, tàbí ẹ lù ú lẹ́ẹ̀mejì kíá.

Iná Will-O-Wisp ló bá ọ̀pọ̀ nínú wọn mu, torí ó ń gé ìkọlù ọwọ́ sí ìdajì yálà ó gbé Band tàbí ó ti jó. Rotom-Wash ń léfòó, Earthquake ò kàn án, ó ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Àmọ́ 85 nínú 100 ni Will-O-Wisp ń bá nǹkan, ẹ má fi sí ipò tó jẹ́ pé tó bá tàsé, gbogbo yín ti kú. Iná ò dẹ̀ ní dí Fire Blast tàbí Draco Meteor lọ́wọ́, ẹ rántí oníkọ̀kọ̀.

Tera máa yí gbogbo ẹ̀ padà

Nínú Scarlet àti Violet, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìjà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè yí ẹ̀yà Pokémon ẹ̀ kan padà, ìyẹn là ń pè ní Tera. Ice Shard yín tó yẹ kó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin lè bá irin pàdé, Tera Steel, ó di ìdajì. Tera Fire náà ń dí Ice àti Fairy, ó tún ń jẹ́ kí Will-O-Wisp má ràn án mọ́, torí iná kì í jó iná. Ẹ wo ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀: Ground ń dùn wọ́n ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà mo máa ń rí i dájú pé ẹnì kan tó ní Earthquake tiẹ̀ ṣì wà láàyè nínú tíìmù mi títí ẹni yẹn á fi lo Tera ẹ̀. Ẹ kà á pẹ̀lú move àti item, tó bá ti lò ó lórí Pokémon míì, ẹ lè padà sí Ice tọkàntọkàn.

Tó bá jẹ́ oníméjì-méjì

Níbẹ̀ Garchomp ò dá wà, ẹ wo ẹni tó dúró tì í. Earthquake ẹ̀ ń kan ẹnì kejì ẹ̀ náà, agbára ẹ̀ dẹ̀ ń dín sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin torí ó ń kan ju ẹnì kan lọ, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń fò tàbí tó ń léfòó, ẹ retí Earthquake. Icy Wind ni mo fẹ́ràn jù, ó ń dùn ún ní ìlọ́po mẹ́rin, ó dẹ̀ ń dín eré àwọn méjèèjì kù lẹ́ẹ̀kan náà. Intimidate ń gé Attack ẹ̀ sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ má gbàgbé ẹni tó ń dáàbò bò ó pẹ̀lú Follow Me: Se Jun Park tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lọ́dún 2014 ní Garchomp nínú tíìmù ẹ̀, Pachirisu kékeré yẹn ló ń lo Follow Me láti fa ẹgba sọ́dọ̀ ara ẹ̀ káwọn tó kù lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ lé aláàbò kúrò lọ́nà kẹ́ ẹ tó dojú kọ ẹni tó ń dáàbò bò.

Ẹ lo ọ̀nà kan náà fún àwọn olójú púpọ̀ yòókù

Dragapult ni kẹ́ ẹ fi dánrawò lẹ́yìn Garchomp. Eré ẹ̀ ò ṣòro láti mọ̀, Speed 142, kò nílò Scarf, nítorí náà ẹ fo ìgbésẹ̀ kẹta. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ wà lórí bóyá ọwọ́ ló fi ń jà ni àbí special. Tí ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ rí bá jẹ́ Dragon Darts, ẹ wo iye tó lọ. Tó bá jẹ́ Will-O-Wisp, ẹ retí Hex lẹ́yìn ẹ̀, agbára Hex jẹ́ 65 àmọ́ ó ń di 130 lára ẹni tí nǹkan ti ń ṣe. Ghost ni, Dark àti Normal ló dáa jù láti gba Shadow Ball ẹ̀, ẹ má kàn fi Fairy nìkan dúró torí pé ẹ rí Dragon lára ẹ̀.

Lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan tó bá pa yín lára, ẹ tọ́jú replay ẹ̀, Pokémon Showdown, ìkànnì tẹ́ ẹ lè jà lórí ẹ̀, máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi pamọ́. Ẹ wò ó padà, ẹ dá a dúró ní turn tí Garchomp kọ́kọ́ lu ẹnikẹ́ni nínú tíìmù yín, ẹ ṣí ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lọ ní turn yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀ fún yín. Nínú replay Skarmory mi yẹn, ní turn kẹta, ó ti lo Draco Meteor lu ẹlòmíì nínú tíìmù mi, mo rí i, mi ò kà á sí.